Obìnrin Tí Ń Ja Ìjàkadì: Ta Ní Ń Jẹ Òógùn Rẹ̀?

Láti ọwọ́ Olùkọ́ kan ní Agric, Ìkòròdú

Àwọn baba wa a máa sọ pé bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà ti kú ni. Òwe náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí kò sọ fún wa. Lẹ́yìn tí obìnrin bá ti pa ejò tán, ta ni yóò ta awọ rẹ̀, àpò ta sì ni owó náà yóò wọ̀? Èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n sọ lọ́sẹ̀ yìí, orí àwọn obìnrin tí ń ja ìjàkadì ni mo sì fẹ́ gbé e kà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Tokyo, olú-ìlú ilẹ̀ Japan. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 2021, obìnrin méjì dojú kọ ara wọn lórí ẹní ìjàkadì níbi ìdíje Òlíḿpíìkì. Ẹni kìíní ni Blessing Oborududu, ọmọ Ìjọ̀ láti ìpínlẹ̀ Bayelsa. Ẹnì kejì ni Tamyra Mensah-Stock, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gánà ni baba tó bí i ti wá. Àmì mẹ́rin sí ẹyọ kan ni Mensah-Stock fi borí, ó sì gba wúrà. Oborududu gba fàdákà, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gba àmì-ẹ̀yẹ ìjàkadì Òlíḿpíìkì fún Nàìjíríà, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ní ọjọ́ kan náà ni Ese Brume gba idẹ nínú fífò jìnnà. Àmì-ẹ̀yẹ méjì yìí nìkan ni Nàìjíríà mú bọ̀ láti Tokyo, obìnrin ló sì gba méjèèjì.

Níhìn-ín ní Agric, bí a bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹnu kì í kò. Àwọn kan á ní èèwọ̀ ni kí obìnrin máa gbé obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣánlẹ̀ ní gbangba. Àwọn mìíràn á ní irọ́ gbáà ni gbogbo rẹ̀, pé ìjàkadì àwọn ará Amẹ́ríkà tí àwọn ọmọ ń wò nínú tẹlifóònù, wọ́n ti mọ ẹni tí yóò ṣubú kí wọ́n tó jáde sí agbo. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kejì yìí, a ó sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè iye tí àwọn obìnrin náà ń gbà, àti ẹni tí ń bá wọn pín in.

ÌJÀKADÌ ILÉ WA

Ìjàkadì kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Kí Òyìnbó tó dé ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń mu ẹkẹ lójú agbo lọ́jọ́ ọdún. Bí òṣùpá bá sì mọ́lẹ̀, àwọn ọmọdé a máa fi gídígbò dán agbára ara wọn wò lórí iyanrìn. Àwọn ará Ọ̀fà gbé e débi pé ìjàkadì wà nínú oríkì wọn títí di òní. Ṣùgbọ́n nínú agbo wọ̀nyí, orin àti àtẹ́wọ́ ni ìpín obìnrin. Òun ni yóò kọrin kí ara ọkùnrin lè yá gágá. Òun fúnra rẹ̀ kì í wọ agbo.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ìhà gúúsù Senegal, níbi tí wọ́n ń pè ní Casamance, ẹ̀yà kan wà tí à ń pè ní Diola. Ní tiwọn, ó ti pẹ́ tí àwọn wúńdíá ti ń bá ara wọn jìjàkadì lọ́jọ́ àjọ̀dún, tí àwọn ìyá wọn yóò sì máa yọ̀ mọ́ wọn. Láti ìlú Mlomp ní agbègbè náà ni Isabelle Sambou ti jáde wá, obìnrin tó gba oyè àjùlọ Áfíríkà léraléra, tó sì ṣe ipò karùn-ún nínú Òlíḿpíìkì ti London ní 2012.

Ọdún 2004, ní Athens, ni àwọn aláṣẹ Òlíḿpíìkì tó gba obìnrin láàyè láti ja ìjàkadì. Ọdún méjìlá kọjá lẹ́yìn èyí kí Marwa Amri ti ilẹ̀ Tunisia tó gba idẹ ní Rio ní 2016, tó fi di obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba irú àmì-ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀. Ọdún márùn-ún sí i ni fàdákà Oborududu dé.

Oborududu kò ṣàdédé bọ́ sórí ẹní ní Tokyo. Ó ti gba oyè àjùlọ Áfíríkà ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ó gba wúrà nínú ìdíje Commonwealth ní 2018, ó sì tún gbà á ní 2022. Nígbà tí ó di ọdún 2024, tó ti pé ẹni ọdún márùndínlógójì, ó tún lọ sí Òlíḿpíìkì ní Paris, ó sì bá ìjà débi ìdíje fún idẹ kí ọmọ Japan kan tó borí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ó jẹ́ láti máa ru ẹrù wúwo ní ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi ronú sí i.

Ọmọ Yorùbá tí a ó kọ́kọ́ dárúkọ nínú iṣẹ́ yìí ni Ọdúnayọ̀ Adékúòròyè, tí a bí ní Àkúrẹ́ ní 1993. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó gba wúrà Commonwealth, ní Glasgow ní 2014, ní Gold Coast ní 2018, àti ní Birmingham ní 2022. Ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà ni ó bá pàdé nínú ìjà àṣekágbá, ó sì borí wọn léraléra. Nínú ìdíje gbogbo àgbáyé, ó gba idẹ ní 2015, fàdákà ní 2017, àti idẹ lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2019.

Ṣùgbọ́n ìjàkadì kì í gbọ́ ti orúkọ ńlá. Ní Tokyo, níbi tí gbogbo wa ti ń retí wúrà lọ́wọ́ Adékúòròyè, ó ti ń mú iwájú nínú ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà tí Anastasia Nichita ti ilẹ̀ Moldova rí àyè kan ṣoṣo, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Ìjà parí. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló gba iṣẹ́ ọdún márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn èyí ni ó lọ gba wúrà kẹta ní Birmingham. Ẹni tí ó bá ń sọ pé obìnrin kò ní ìfaradà, kí ó wá gbọ́ èyí.

TI ÒTÍTỌ́ ÀTI TI ERÉ

Ó tó àkókò kí a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń dàrú. Ìjàkadì tí Oborududu àti Adékúòròyè ń jà, ìdíje gan-an ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́nà méjì ni, pẹ̀lú ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá láàárín. Bí o bá gbé ẹnì kejì lulẹ̀, wọn yóò fún ọ ní àmì. Bí o bá fi àmì mẹ́wàá ju ẹnì kejì lọ, ìjà parí. Bí o bá sì fi èjìká rẹ̀ méjèèjì kan ẹní, ìjà parí lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ti ń ṣíwájú.

Ìjàkadì Amẹ́ríkà tí àwọn ọmọ ń wò, èyí tí wọ́n ń jà láàárín okùn lórí pátákó, eré ni. Wọ́n ti jọ mọ ẹni tí yóò borí. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà tìkára wọn ló jẹ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey ní 1989, pé eré ìdárayá fún ìgbádùn ènìyàn ni, pé kì í ṣe ìdíje. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí èyí rò pé kò dun ara. Ẹ̀yìn tó lu pátákó, ẹ̀yìn gidi ni. Ọrùn tó bá yẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fi ẹnu sọ fún un pé eré ni.

Àwa Yorùbá yẹ kí ó lè yé ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Àwọn alárìnjó wa mọ bí eré yóò ṣe parí kí wọ́n tó lu ìlù, síbẹ̀ àwọn ènìyàn á sunkún, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fi owó lé wọn níwájú orí. A kò sì gbàgbé bí a ti ń fojú wo obìnrin tó bá bọ́ sórí ìtàgé láyé Hubert Ògúndé. Àwọn òbí kò fẹ́ fi ọmọbìnrin sílẹ̀ fún eré, torí pé wọn kò kà á sí iṣẹ́ ọmọlúwàbí. Bàbá Ògúndé fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ níyàwó kí eré má baà dojú dé. Irú ojú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi wo obìnrin oníjàkadì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn tó, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń rọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Níbi tí èrò bá sì ti pọ̀, kò ní pẹ́ tí alágbàtà yóò fi dé.

MILDRED BURKE ÀTI ALÁGBÀTÀ RẸ̀

A bí Mildred Burke ní 1915 ní ìlú Coffeyville ní ìpínlẹ̀ Kansas. Ó ti gbé oúnjẹ fún oníbàárà nílé oúnjẹ kí ó tó rí ìjàkadì, tó sì fẹ́ ẹ. Obìnrin kúkurú ni, ṣùgbọ́n iṣan ara rẹ̀ le bí irin. Lẹ́yìn ọdún 1930, nígbà tí owó wọ́n ní Amẹ́ríkà bí ojú, àwọn oníṣẹ́ àríyá a máa gbé e káàkiri ìlú. Wọ́n á ní ọkùnrin yòówù tí kò bá sanra jù ú lọ púpọ̀, tó bá lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò gba dọ́là 25. Wọ́n ní ó ju igba ọkùnrin lọ tó wá gbìyànjú, pé ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ló sì gba owó náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1937, ó gba oyè àjùlọ obìnrin lọ́wọ́ Clara Mortensen, oyè náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógún.

Ta wá ni alágbàtà? Ọkọ rẹ̀ ni, Billy Wolfe. Òun ló kọ́ ọ ní ìjà, òun ló ń ṣètò ibi tí yóò ti jà, òun ló ń bá àwọn onígbọ̀ngàn dúnàá dúrà, òun náà ló ń gba owó. Nígbà tí iṣẹ́ gbòòrò, ó kó ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin jọ sábẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń yọ ìpín tó nípọn nínú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá pa. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ̀ pé alágbàtà kì í ṣe ẹni burúkú. Ẹni tó bá gbé ẹja láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìkòròdú, ó yẹ kí ó jẹ èrè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí alágbàtà bá di ọkọ, tó di ọ̀gá, tó di akápò, tó sì tún di ẹni tó ni gbogbo ọjà, ọjọ́ tí ìjà bá dé, níbo ni obìnrin náà yóò dúró sí?

Ìjà náà dé. Burke àti Wolfe kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1952. Gbogbo àwọn tó ń ṣètò ìjà jákèjádò Amẹ́ríkà ni Wolfe mọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbè sẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1954, ní Atlanta, wọ́n fi Burke kojú June Byers tí í ṣe ti Wolfe. Àdéhùn ni pé ẹni tó bá fi ẹ̀yìn ẹnì kejì lélẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta ló borí. Byers gba ẹ̀ẹ̀kan. Ìkejì falẹ̀ títí, àwọn aláṣẹ sì dá ìjà dúró láìtíì parí. Burke ní òyè kò kúrò lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, orúkọ Byers ni wọ́n ń pariwo nínú ìwé ìròyìn.

Obìnrin náà kò jókòó kí ó máa sunkún. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ó kó àwọn obìnrin kan lẹ́yìn, ó wọ Japan lọ, ìjàkadì obìnrin sì gbilẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà náà. Ó padà sí California, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ náà. Ó kú ní 1989. Ní 2025 ni fíìmù kan tí wọ́n fi ìtàn rẹ̀ ṣe dé àwọn ilé sinimá Amẹ́ríkà, ọdún 36 lẹ́yìn tó ti jáde láyé. Òkú rẹ̀ gba ìyìn tí ààyè rẹ̀ kò rí gbà.

ÀWỌN ADÚLÁWỌ̀ INÚ WỌN

Lábẹ́ Wolfe yìí kan náà ni àwọn ọmọbìnrin adúláwọ̀ mẹ́ta, ọmọ ìyá kan náà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Columbus ní ìpínlẹ̀ Ohio ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 sí 1959. Orúkọ ìjà wọn ni Babs Wingo, Ethel Johnson àti Marva Scott. Èrò a máa wọ́ tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n ayé ìgbà náà ni ayé tí òfin ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun ní gúúsù Amẹ́ríkà. Obìnrin tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún lálẹ́, kò ní rí hòtẹ́ẹ̀lì tí yóò gbà á sùn lóru ọjọ́ náà. Ní ibòmíràn, wọn kì í jẹ́ kí dúdú bá funfun jà rárá. Oyè àjùlọ tí ń mú owó ńlá wá, ojú ni wọ́n fi ń wò ó.

Ọdún 1998 ni obìnrin adúláwọ̀ tó kọ́kọ́ gba oyè àjùlọ obìnrin ní ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, Jacqueline Moore ni orúkọ rẹ̀. Ethel Johnson kú ní 2018. Ní 2021 ni ilé-iṣẹ́ náà, tí à ń pè ní WWE, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ẹni ìrántí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021 kan náà, ní ìlú Tampa, Bianca Belair àti Sasha Banks, obìnrin adúláwọ̀ méjì, ni wọ́n fi ìjà wọn kádìí ètò alẹ́ kan ní WrestleMania, ọjọ́ tó tóbi jù nínú ọdún wọn. Ìwọ̀nyí jẹ èso igi tí Ethel Johnson àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ gbìn láìjẹ níbẹ̀.

MOOLAH, ORÚKỌ TÓ JẸ́ OWÓ

Ẹ jẹ́ kí a má rò pé ọkùnrin nìkan ní ń rẹ́ obìnrin jẹ. Lillian Ellison, ọmọ South Carolina, gba oyè àjùlọ ní 1956. Orúkọ ìjà rẹ̀ ni The Fabulous Moolah. Moolah jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ ìnagijẹ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe owó, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń sọ láìtijú pé torí owó lòun ṣe ń jà. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. Ó jà fún ẹ̀tọ́ pẹ̀lú, nítorí pé ìpínlẹ̀ New York ti fòfin de ìjàkadì obìnrin, kò sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà títí di 1972. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún náà, Moolah ni ó jà nínú ìjà obìnrin àkọ́kọ́ ní Madison Square Garden.

Ṣùgbọ́n Moolah ní ibi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́, òun ló sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ síbi ìjà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ó ń gé ìpín tó pọ̀ nínú owó àwọn, pé ẹni tí kò bá gbà fún un kò ní ríṣẹ́ ṣe. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n dúró gbọn-in lẹ́yìn rẹ̀ pé ìyá rere ni. Nígbà tí ó di 2018, WWE fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ ìdíje obìnrin kan. Àwọn òǹwòran fárígá, láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n yọ orúkọ náà kúrò.

Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1984, Wendi Richter gba oyè lọ́wọ́ Moolah lójú gbogbo òǹwòran tẹlifíṣọ̀n. Gbajúmọ̀ akọrin, Cyndi Lauper, wà lẹ́yìn Richter, gbogbo Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ìjàkadì obìnrin. Richter wo èrò tí ń wọlé nítorí rẹ̀, ó wo owó tí wọ́n ń san fún un, ó ní méjèèjì kò bára mu. Ó ń bá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fa ọ̀rọ̀ owó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1985, wọ́n mú obìnrin kan tó fi aṣọ bojú wá bá a jà. Rẹfirí kà á pé ẹ̀yìn Richter ti lélẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Richter sì gbé èjìká rẹ̀ sókè. Wọ́n ní oyè ti bọ́. Nígbà tí ó já aṣọ tí obìnrin náà fi bojú, ta ló rí? Moolah ni. Richter kúrò nílé-iṣẹ́ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nínú eré tí gbogbo òṣèré ti mọ òpin rẹ̀, òun nìkan ni wọn kò sọ òpin náà fún.

BÍ AYÉ ṢE YÍ

Láti ìgbà náà, ó ti pẹ́ kí ọjọ́ tó mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹwà ni ilé-iṣẹ́ ńlá náà fi ń ta obìnrin, kì í ṣe ìjà. Ní oṣù kejì ọdún 2015, wọ́n fún obìnrin mẹ́rin láyè láti jà lórí tẹlifíṣọ̀n, ìjà náà kò sì ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá lọ. Inú bí àwọn òǹwòran. Wọ́n kọ ọ́ káàkiri pé kí wọ́n fún àwọn obìnrin láàyè. Ilé-iṣẹ́ gbọ́, torí pé ohùn ẹni tó ń san owó ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, obìnrin mẹ́ta, Becky Lynch, Ronda Rousey àti Charlotte Flair, ni wọ́n fi kádìí WrestleMania fún ìgbà àkọ́kọ́.

Inú ilé-iṣẹ́ yìí náà ni Tamyra Mensah-Stock wọ̀ ní 2023, wọ́n sì fún un lórúkọ eré, Tyra Mae Steele. Ẹ rántí pé òun ló borí Oborududu ní Tokyo. Baba rẹ̀ kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 2009, nígbà tó ń wa mọ́tò bọ̀ láti ibi tí ọmọ rẹ̀ ti lọ jà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà a máa fún ẹni tó bá gba wúrà ní dọ́là 37,500. Kí ni ọmọbìnrin yìí ní òun yóò fi owó náà ṣe? Ó ní òun yóò mú dọ́là 30,000 nínú rẹ̀ fún ìyá òun, kí ó fi ra mọ́tò tí a fi ń ta oúnjẹ kiri, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ìyá náà ti ń fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń da iná lójú pópó ní Agric, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí yín.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú ọlọ́jà wò ó. Obìnrin tó gba wúrà rí ọjà mìíràn tí yóò ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. Obìnrin tó gba fàdákà padà sílé, kò sì sí irú ọjà bẹ́ẹ̀ fún un ní Nàìjíríà. Power Mike Okpala àti àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ di gbajúmọ̀ nínú ìjàkadì eré nílẹ̀ wa nígbà kan rí, ṣùgbọ́n a kò kọ́ ilé náà fún obìnrin. Ohun tí oníjàkadì obìnrin tiwa ní kò ju ẹ̀bùn ìjọba lẹ́yìn ìdíje àti ìlérí ẹnu lọ.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA NÁÀ

Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọmọbìnrin kan wà tó máa ń dá àwọn ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà ìsinmi. Ẹgba ni wọ́n fi ń san án fún un. Ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja wá sí ilé ẹ̀kọ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi bá a wí, ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń gbé ọkùnrin ṣánlẹ̀?" N kò dá màmá náà lẹ́bi. Ìfẹ́ ló mú un sọ ọ́. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹnikẹ́ni nínú wa tó béèrè bóyá iṣẹ́ wà nínú ọwọ́ ọmọ náà. Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní ìmọ̀ràn díẹ̀.

Èkíní, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ máa fi ohun tó rí nínú ìjàkadì eré dánra wò lórí ilẹ̀ líle. Àwọn tó ń ṣe é ti kọ́ bí a ṣe ń ṣubú fún ọdún púpọ̀, ọrùn ọmọ kì í ṣe ohun àfiṣeré. Bí ọmọbìnrin bá ní ẹ̀bùn, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ ìjàkadì tó ní ẹní, tó sì mọ òfin eré náà. Daniel Igali, ọmọ Bayelsa tó gba wúrà Òlíḿpíìkì fún Canada ní 2000, padà wá ṣe olórí ẹgbẹ́ ìjàkadì Nàìjíríà, ìgbà tirẹ̀ sì ni fàdákà Tokyo dé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló yẹ kó fi iṣẹ́ kọ́ni.

Èkejì, ẹ̀yin òbí, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé àdéhùn wá pé òun fẹ́ mú ọmọ yín lọ sí ìlú mìíràn láti jà, ẹ má ṣe tẹ̀ka síbẹ̀ kí ẹ tó kà á, tàbí kí ẹ tó fún ẹni tó mọ̀wé kà. Ẹ béèrè ohun mẹ́rin. Èló ni ọmọ náà yóò máa gbà? Èló ni alágbàtà yóò yọ? Ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn bí apá bá yẹ̀? Ọdún mélòó ni ìwé náà yóò fi dè é? Wendi Richter kò rí ẹni bá a béèrè ohun wọ̀nyí títí omi fi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo jẹ́ ọkọ, kí ó jẹ́ ọ̀gá, kí ó sì tún jẹ́ akápò. Kí ọmọbìnrin ní ìwé báńkì ní orúkọ ara rẹ̀. Ohun tó ṣe Mildred Burke, ó lè ṣe ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹrin, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn obìnrin ọjà wa ní ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja, ẹgbẹ́ aláṣọ, ẹgbẹ́ oníata. Wọ́n ní ìyálọ́jà tó lè bá ìjọba sọ̀rọ̀. Àwọn oníjàkadì WWE ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú gbogbo òkìkí wọn, kò ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ni ilé-iṣẹ́ náà ń pè wọ́n nínú ìwé, kò kà wọ́n sí òṣìṣẹ́ rẹ̀. Níbi èyí, àwọn ìyá tí ń tajà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ gbọ́n jù wọ́n lọ.

Èkarùn-ún, ara kì í jà títí ayé. Kí oníjàkadì kọ́wé, tàbí kí ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn, kí ó sì máa dá àjọ nígbà tí agbára ṣì wà.

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Nígbà mìíràn tí a bá rí obìnrin lórí ẹní ìjàkadì, tí aṣọ Nàìjíríà wà lọ́rùn rẹ̀, kí a pàtẹ́wọ́ fún un tọkàntọkàn. Lẹ́yìn àtẹ́wọ́, kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ iye tó kàn án, ọjọ́ tí wọn yóò san án, àti ọwọ́ ẹni tí wọn yóò san án fún.